Nọ́ńbà Tó Wà Lórí Èsì Ẹ̀jẹ̀: Kí Ló Mọ̀ Nípa Jẹjẹrẹ, Kí Ni Kò Mọ̀?

Ẹni tó ń gbọ́ wa nínú Máíkírà láti Mọ́lété lọ sí Bẹẹrẹ, ẹni tó jókòó ti ìsọ̀ ìyá rẹ̀ l'Ọ́jà'ba tó fi earpiece sí etí kan ṣoṣo kí ìyá má baà pariwo, ẹni tó wà lẹ́bàá Mapo tó ń ṣe bí ẹni tó ń kàwé, gbogbo yín ni mo kí. Ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè gbọ́, tí ẹ ń ka èyí tí a tẹ̀ jáde, ẹ kú ojú lójú fóònù.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àrùn jẹjẹrẹ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ẹ ó ti rí wọn lára àwọn àwòrán tí láàbù ń pín kiri lórí WhatsApp: PSA, CA-125, AFP, CEA, gbogbo rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, èsì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wá gbé bàbá lọ, ẹ gbé màmá lọ. Ohun tó dára ni kéèyàn fẹ́ mọ bí ara òbí rẹ̀ ṣe wà. Ṣùgbọ́n ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ gan-an, ìwọ̀nba èèyàn ló máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó sanwó.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní bàbá kan wà ní Bẹyẹrúnkà, ẹni ọdún 63. Wọ́n ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru. Ọmọ wọn tó wà ní London ní kí wọ́n lọ ṣe PSA. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ èsì ti dé sórí fóònù àbúrò: 7.2, lẹ́tà H sì wà níwájú rẹ̀, pupa fòò. Kó tó di aago mẹ́jọ, ẹni kan ti ń sunkún, ẹni kejì ti ń wá owó àwẹ̀, ẹni kẹta ti lọ sórí Google ó sì ti kà débi tí kò yẹ kó kà dé. Bàbá fúnra wọn kò tíì sọ nǹkan kan.

Kí ni 7.2 yẹn sọ? Ó ní kí ẹ mú bàbá lọ bá dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀nà ìtọ̀, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò sí i. Kò tíì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ti gun òkè Mapo rí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ẹ bá dúró síbẹ̀ tí ẹ wo ìsàlẹ̀, tí ẹ rí èéfín láàárín àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà wọ̀nyẹn, ẹ mọ̀ pé iná wà níbì kan. Ṣé ilé ló ń jó ni? Ṣé ìyá kan ló ń yan ẹja? Ṣé wọ́n ń sun pàǹtí ni? Èéfín kì í sọ. Ẹnì kan ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn àmì tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé ilé lè máa jó lábẹ́lẹ̀ kí èéfín má tíì jáde.

PSA kì í ṣe purotéènì jẹjẹrẹ. Purotéènì prostate ni. Prostate jẹ́ ẹṣẹ́ kékeré kan lábẹ́ àpò ìtọ̀, ọkùnrin nìkan ló ní in, òun ló ń pèsè díẹ̀ nínú omi tí àtọ̀ ń bá jáde. Prostate tó le koko ń ṣe PSA. Èyí tó ti wú nítorí ọjọ́ orí ń ṣe é. Èyí tí kòkòrò àrùn kọlù ń ṣe é. Èyí tí jẹjẹrẹ wọ̀ náà ń ṣe é. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀, bí ara prostate kò bá sì tòrò, èyí tó ń jò á pọ̀ sí i. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún yín, nanogram nínú mílílítà kan ni. Ẹ gé gíráàmù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nanogram. Ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹbí ń torí rẹ̀ fọwọ́ lérán.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti fi 4 ṣe ààlà. Ẹni tó bá kọjá 4, wọ́n á ní ó ga. Ṣùgbọ́n nínú ọkùnrin 4 tí PSA wọn ga tí wọ́n sì gé ẹran díẹ̀ lára prostate wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò, nǹkan bí 3 ni wọn kì í bá jẹjẹrẹ lára wọn. Ní òdìkejì, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004 fi hàn pé láàárín àwọn ọkùnrin tí PSA wọn kò ju 4 lọ, nǹkan bí 15 nínú 100 ló ní jẹjẹrẹ nígbà tí wọ́n gé ẹran wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe irú tó ń sáré pani. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà lójú méjèèjì: H kò ní kí ẹ sunkún, N náà kò ní kí ẹ jó.

Ohun tó lè gbé PSA sókè láìsí jẹjẹrẹ pọ̀. Kòkòrò àrùn ojú ìtọ̀ lè gbé e sókè fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìtọ̀ tó há, tí wọ́n ní láti fi rọ́bà fà jáde, ń gbé e sókè. Bí bàbá bá bá ìyàwó sùn ní ọjọ́ méjì tó ṣáájú àyẹ̀wò, ó lè sún un sókè díẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni eré ìdárayá tó lágbára, pàápàá kẹ̀kẹ́ ológeere. Ta ni nínú yín tó lè bi bàbá rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn? Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ bi wọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Èyí tí mo rò pé ó léwu jù tilẹ̀ ni èyí tó ń fa nọ́ńbà wálẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń fún àwọn bàbá tí prostate wọn wú, finasteride ni orúkọ rẹ̀, dutasteride náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí bàbá bá ti ń lò ó fún bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ó máa ń dín PSA kù sí nǹkan bí ìdajì. Ìyẹn ni pé bàbá tí èsì rẹ̀ jẹ́ 3.5, tí ilé ń yọ̀ pé kò tó 4, lè jẹ́ ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ gan-an wà ní 7. Bí láàbù kò bá bi yín nípa oògùn, ẹ̀yin ẹ sọ ọ́. Ẹ ya àwòrán páálí oògùn náà kí ẹ tó kúrò nílé.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí àyẹ̀wò yìí ti wá, nítorí ìtàn rẹ̀ ní ìjà nínú. Ní ọdún 1970, Richard Ablin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ohun kan tó jẹ́ ti prostate nìkan. Ní 1986, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí PSA, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí i fún: láti máa ṣọ́ ẹni tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní jẹjẹrẹ. Ọdún 1994 ni wọ́n tó gbà á láti fi wá a kiri lára ẹni tí kò mọ nǹkan kan, pẹ̀lú kí dókítà fi ọwọ́ yẹ ìdí wò. Láàárín àkókò náà, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí jẹjẹrẹ tó lè wà lára wọn títí tí nǹkan mìíràn á fi pa wọ́n. Àwọn kan kò lè dá ìtọ̀ dúró mọ́, àwọn kan kò lè ṣe ọkọ mọ́. Ablin fúnra rẹ̀ kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn New York Times ní 2010 pé wọ́n ti sọ nǹkan náà di àjálù olówó gọbọi. Ní 2012, ìgbìmọ̀ tó ń gba àwọn dókítà Amẹ́ríkà nímọ̀ràn ní kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Ní 2018, wọ́n tún yí i padà: ẹni tó wà láàárín ọdún 55 sí 69, kí òun àti dókítà rẹ̀ jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó pinnu.

Ní Yúróòpù, wọ́n tẹ̀ lé ọkùnrin tó lé ní 160,000 fún nǹkan bí ọdún 23. Èsì tó jáde ní 2025 fi hàn pé ikú jẹjẹrẹ prostate fi ìdá 13 nínú 100 kéré láàárín àwọn tí wọ́n ń pè wá ṣe PSA. Bí wọ́n bá pe ọkùnrin 456, ẹnì kan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ikú náà. Ẹni kan kò kéré bí ó bá jẹ́ bàbá yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé 455 yòókù náà ní ìtàn tiwọn.

Ibi tí mo ti fẹ́ yà kúrò lẹ́yìn àwọn òyìnbó díẹ̀ nìyí. Àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí wọ̀nyẹn, aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní Britain, ọkùnrin aláwọ̀ funfun 1 nínú 8 ni jẹjẹrẹ prostate ń bá láyé rẹ̀, ti aláwọ̀ dúdú jẹ́ 1 nínú 4. Àwọn ìbátan wa tó wà ní Peckham wà nínú ìṣirò yẹn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé PSA kò wúlò, ẹ bi í pé fún ta ni. Èrò tèmi ni pé kí bàbá tó ti pé ọdún 45, pàápàá bí bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá ti ní i rí, bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa PSA. Kó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣáájú abẹ́rẹ́. Ẹ bi ara yín kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀: bó bá ga, ta ni a máa rí, ta ló máa sanwó àyẹ̀wò tó kàn?

Nítorí àyẹ̀wò tó kàn wà. Wọ́n á tún PSA náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Dókítà á fi ìka yẹ ìdí wò, bàbá á bínú, á sì kọjá. Bó bá yẹ, wọ́n á ya fọ́tò MRI, wọ́n á sì gé ẹran bíńtín. Ẹran tí wọ́n gé yẹn, tí wọ́n fi awò ńlá wò, òun ló ń sọ pé jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Ẹ̀jẹ̀ nìkan kì í sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wo ẹran lábẹ́ awò, ìlú wa ní orúkọ nídìí ẹ̀. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí UCH. Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi dá ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ti Ìbàdàn sílẹ̀ níbẹ̀, nígbà ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n George Edington, onímọ̀ nípa àyẹ̀wò ẹran ara. Ọ̀kan lára irú rẹ̀ tó pẹ́ jù ní Áfíríkà ni. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan: irú jẹjẹrẹ wo, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọdún mélòó. Ní 2009 àti 2010, èèyàn 3,393 ló wọ inú ìwé náà, obìnrin sì tó ìdá 66 nínú 100. Jẹjẹrẹ ọmú àti ti ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ló gbé e débẹ̀. Láàárín àwọn ọkùnrin, prostate ló ṣíwájú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyá.

CA-125 ni wọ́n ń fi wá jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin. Kí n sọ ọ́ ní ṣókí: bí ẹ kò bá ní àmì àìsàn kankan, tí dókítà kò ní kí ẹ ṣe é, ẹ fi owó yín ra nǹkan mìíràn. Nǹkan oṣù ń gbé e sókè. Oyún ń gbé e sókè. Fàíbírọ́ìdì, èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní ìjù, ń gbé e sókè, ẹ sì mọ bí ìjù ṣe pọ̀ tó láàárín wa. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ inú ikùn lè gbé e sókè débi tí ẹni tó rí nọ́ńbà náà á ti máa palẹ̀ ikú mọ́. Ní Britain, wọ́n gba obìnrin 202,638 sínú ìwádìí kan láàárín 2001 sí 2005, wọ́n ń yẹ CA-125 apá kan wò lọ́dọọdún. Nígbà tí èsì ìkẹyìn jáde ní 2021, ikú jẹjẹrẹ náà kò dín kù láàárín àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Wọ́n rí àwọn kan lójú ọ̀nà díẹ̀ ṣáájú, síbẹ̀ wọn kò gba ẹ̀mí wọn là. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nígbà tí mo kà á, nítorí gbogbo wa la gbà pé bí a bá ti tètè rí i, ó parí.

CEA náà, láti Montreal ní 1965, lọ́wọ́ Phil Gold àti Samuel Freedman, wúlò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Láti fi wá jẹjẹrẹ lára ẹni tó ń rìn kiri, rárá. Sìgá lásán ń gbé e sókè.

AFP ní tiẹ̀ ní ibi tó ti wúlò fún wa gan-an, ibẹ̀ sì ni ẹ̀dọ̀. Garri Abelev rí i ní Rọ́ṣíà ní 1963 lára èkúté, Yuri Tatarinov rí i lára èèyàn ní ọdún kejì. Ọmọ inú oyún ló ń ṣe AFP. Béèyàn bá ti bí i, ó máa ń lọ sílẹ̀, kì í sì í padà bọ̀ àfi bí ìyá bá lóyún, bí ẹ̀dọ̀ bá ń tún ara rẹ̀ ṣe, tàbí bí jẹjẹrẹ bá wọ̀ ọ́. Ní ilẹ̀ wa, ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ jù ni hẹpatáítìsì B, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018 rí i lára nǹkan bí 8 nínú 100 èèyàn. Fi ẹ̀pà tó ti bu àti àgbàdo tó ti bu kún un, nítorí májèlé kan ń wà nínú èébu yẹn tó ń gbọ̀nà ẹ̀dọ̀ wọlé. Ẹni tí kòkòrò B ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, tí dókítà sì ní ewu rẹ̀ ga, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò: skáànù ẹ̀dọ̀, pẹ̀lú AFP. Skáànù náà ṣe pàtàkì, torí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kékeré lè wà kí AFP má mira.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́, tí ẹ kò tíì pé 30, àyẹ̀wò hẹpatáítìsì B ni kí ẹ fi ṣe. Bí kò bá sí lára yín, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ jòjòló ní abẹ́rẹ́ náà ní 1984, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láàárín àwọn ọmọdé wọn sì lọ sílẹ̀ gidigidi. Láàárín gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, kò sí èyí tó ní èrè tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àwọn àmì ẹ̀jẹ̀ ti ń dárà gan-an ni lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ àrùn tán. Ìtàn Min Chiu Li á fi yé yín. Ọmọ Ṣáínà ni, dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda. Jẹjẹrẹ kan wà tó máa ń hù láti ara ibi ọmọ, lẹ́yìn oyún. Ó ń ṣe hCG, ohun kan náà tí ìlà méjì orí páálí àyẹ̀wò oyún máa ń fi hàn. Ní 1956, Li bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn obìnrin tó ní in ní oògùn methotrexate. Kókó inú ẹ̀dọ̀fóró wọn pòórá lórí X-ray. Gbogbo ènìyàn ní ó tó. Li ní kò tíì tó, nítorí hCG kò tíì tán lára wọn. Ó ń bá oògùn lọ, oògùn tó le, sí ara obìnrin tí ojú kò rí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ rí i bí ẹni tó ń fi májèlé ṣeré, wọ́n ní kó máa lọ. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n wo àwọn aláìsàn: àwọn tí wọ́n dá oògùn dúró fún ní kété tí X-ray mọ́, àrùn ti padà sí wọn lára. Àwọn tí Li fún ní oògùn títí hCG fi di òfo, wọ́n wà láyé. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Lasker ní 1972.

Ẹ̀yin ọkùnrin, kí n tó gbàgbé: jẹjẹrẹ kórópọ̀n kan wà tó ń ṣe hCG yẹn náà, débi pé páálí àyẹ̀wò oyún lè fún ọkùnrin ní ìlà méjì. Ẹ má lọ fi ṣe TikTok. Bí ẹ bá fọwọ́ kan kókó níbẹ̀, dókítà lẹ ń wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni PSA lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé prostate kúrò. Ó yẹ kó lọ sílẹ̀ débi tí ẹ̀rọ kò ní rí i mọ́, torí ẹni tó ń ṣe é ti jáde nílé. Bó bá tún yọjú tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, dókítà á mọ̀ pé nǹkan ṣẹ́kù, nígbà mìíràn ọdún púpọ̀ ṣáájú kí egungun tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá. Níbi yìí, bí nọ́ńbà ṣe ń rìn ló ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà ọjọ́ kan lọ. Iṣẹ́ tí fóònù yín lè ṣe wá wà níbẹ̀. Ẹ ṣí note kan fún bàbá tàbí màmá. Ọjọ́, nọ́ńbà, orúkọ láàbù, oògùn tí wọ́n ń lò. Ẹ gbìyànjú kó jẹ́ láàbù kan náà nígbà gbogbo, nítorí ẹ̀rọ kò dọ́gba: ẹ̀jẹ̀ kan náà lè jẹ́ 5 níhìn-ín kó jẹ́ 6 lọ́hùn-ún, ẹ ó sì rò pé àrùn ló ń gbéra. Ẹ bi wọ́n bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é àbí wọ́n ń kó o lọ sí Èkó. Bó bá jẹ́ Èkó, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mú un tutù dé ibẹ̀ nínú oòrùn wa yìí.

Ó ku àwọn tuntun, àwọn tí ẹ ń rí lórí YouTube: ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, jẹjẹrẹ àádọ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Sẹ́ẹ̀lì tó bá kú máa ń tú DNA rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, wẹ́wẹ́. Paul Mandel àti Pierre Métais rí i ní Strasbourg ní 1948, aráyé kò sì kà á sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1997, Dennis Lo fi hàn pé DNA ọmọ inú oyún wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀, ni àyẹ̀wò ọmọ inú bá gbòòrò. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wá. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ẹ̀jẹ̀ aboyún tó lé ní 125,000 tí wọ́n yẹ̀ wò, àwọn kan wà tí èsì wọn kò bá ti ọmọ mu rárá. Ìwádìí tó jáde ní 2015 sọ pé 10 nínú àwọn ìyá náà ni jẹjẹrẹ wà lára wọn fúnra wọn. DNA jẹjẹrẹ ìyá ni ẹ̀rọ ń rí, wọ́n rò pé ti ọmọ ni.

Lo tún gbé e lọ síbòmíràn, ibẹ̀ sì kan Ìbàdàn. Ní 1958, Denis Burkitt kọ̀wé láti Uganda nípa jẹjẹrẹ tó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní UCH náà. Láti ara ẹran irú jẹjẹrẹ yìí ni Epstein, Achong àti Barr ti rí kòkòrò kan ní London ní 1964, tí wọ́n ń pè ní EBV. Kòkòrò yìí kan náà wà nínú jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú tó pọ̀ ní Hong Kong. Lo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá DNA rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin 20,174 tí ara wọn dá. Èsì 2017: wọ́n rí jẹjẹrẹ lára 34, nǹkan bí 7 nínú 10 ló ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 2 nínú 10 ni. Àmì kan pàtó, fún àrùn kan pàtó, láàárín àwọn tí àrùn náà pọ̀ sí. Ìdí tó fi ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Èyí tó ń wá gbogbo jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀kan náà kò tíì débẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2023, èèyàn 6,621 ló ṣe é, ẹ̀rọ tọ́ka sí 92. Nígbà tí wọ́n tú u wò, 35 ló ní jẹjẹrẹ, 57 kò ní in. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2024 dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń rí nǹkan bí 83 nínú 100 jẹjẹrẹ náà. Ṣùgbọ́n kókó inú ìfun tí kò tíì di jẹjẹrẹ, èyí tí wọn ì bá gé dànù, 13 péré nínú 100 ló ń rí. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ẹ̀kán kan ẹ̀jẹ̀ láti orí ìka tó fún ohun gbogbo, ẹ rántí Elizabeth Holmes, tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà fi sẹ́wọ̀n tó lé ní ọdún 11 ní 2022 nítorí irú ìlérí bẹ́ẹ̀ tó fi gba owó lọ́wọ́ olówó.

Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ de ìkẹyìn nítorí Ìbàdàn ló ti jáde. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí kì í wá jẹjẹrẹ rárá. Ó ń wá ohun tí a jogún. Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó kàwé dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Chicago, pẹ̀lú àwọn dókítà ilé, gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ní Ìbàdàn láti 1998. Mary-Claire King, ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ka sí ibi tí BRCA1 wà ní 1990, wà nínú iṣẹ́ náà. Èsì jáde ní 2018: nínú obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú, 14.7 nínú 100 ló jogún àṣìṣe kan nínú jíìnì tó ń fa á. Láàárín 997 tí kò ní àrùn náà, kò pé 2 nínú 100. Ìyẹn ni pé nǹkan bí ẹnì kan nínú méje, a bí i mọ́ ọn ni, kì í ṣe owó tó ń kì sínú kọ́ńbéèrè, kì í ṣe ayé.

Nítorí náà, bí ìyá, àǹtí tàbí ìyá àgbà yín bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú láìtíì pé 50, tàbí bó bá ti mú ju ẹnì kan lọ nínú ẹbí, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń wá kókó lára yín. Ẹ má sì fi ẹbí bàbá sílẹ̀. Bàbá lè gbé BRCA2 fún ọmọbìnrin rẹ̀ láìjẹ́ pé ọmú tirẹ̀ dùn ún rí, jíìnì yẹn kan náà sì ń gbé ewu jẹjẹrẹ prostate sókè lára ọkùnrin. Ní ìpàdé ẹbí tó ń bọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń pín ẹran, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ohun tó pa ẹni tó pa. Wọ́n lè ní ikùn ni, wọ́n lè ní wọ́n kàn rù ni. Ẹ kọ ọ́ sínú note yẹn náà, pẹ̀lú ọjọ́ orí ẹni náà nígbà tó kú.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru.